Ẹwìrì Abẹ́ Apá Bàbá Onífèrè

Ọjọ́ Sátidé kejì nínú oṣù kẹta ọdún yìí ni, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú méje. Ó dá mi lójú nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aago lórí fóònù mi ni nígbà tí ohùn náà jáde láti inú rẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná wa ní Parkchester, mò ń wo ìpolówó àwọn ohun èlò orin àtijọ́. Màmá mi dúró nídìí omi ẹ̀rọ, wọ́n ń bó ẹ̀wà. Mo tẹ fídíò kan. Ohùn ìsàlẹ̀ kan kọ́kọ́ ń kùn bí oyin inú ìkòkò, lẹ́yìn náà ni òmíràn gorí rẹ̀, tí èèyàn kò lè sọ bóyá ẹkún ló ń sun ni tàbí ẹ̀rín ló ń rín. Ọwọ́ Màmá dúró nínú omi.

“Pa á.”

Wọn kò béèrè ohun tó jẹ́. Ẹni tí kò bá mọ nǹkan a máa béèrè. Mo pa á, ṣùgbọ́n mo ti fi ìpolówó náà pamọ́.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń dàgbà ní Bronx lọ́wọ́lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì rí irú fèrè yìí rí. Àwọn ará Ireland ló ni ín, wọn kì í sì í fi ẹnu fọn ọ́n. Ẹwìrì kékeré kan, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ iná, máa ń wà lábẹ́ apá ọ̀tún, àpò awọ a sì wà lábẹ́ apá òsì. Ìgbọ̀nwọ́ kan a máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò, ìkejì a máa tẹ̀ ẹ́ lọ sínú fèrè, àwọn ìka a sì máa jó lórí ihò. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, fèrè onígbọ̀nwọ́ ni mo ń pè é.

Bàbá Onífèrè ló ni èyí tí mo mọ̀. Àjà kẹta ilé kan ní Castle Hill ni wọ́n ń gbé, ilé tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè. Màmá mi ló ń tọ́jú wọn, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀. Kò sí ẹni tí ì bá ṣọ́ mi nílé, nítorí náà bí mo bá ti jáde ní iléèwé, bọ́ọ̀sì ni mo máa ń wọ̀ lọ bá wọn. Orí tábìlì Bàbá ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pín nọ́ńbà tó gùn. Ilé náà ń rùn tíì àti òróró tí wọ́n fi ń pa igi fèrè.

Bàbá a máa fi bisikíìtì lọ̀ mí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: a kì í na ọwọ́ sí nǹkan nílé onílé. Màá ní rárá, ẹ ṣé. Wọ́n á tún fi lọ̀ mí, màá tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, màá wo ojú Màmá mi. Bí ojú náà bá wálẹ̀, mo lè gbà. Bí ó bá là rangandan, àfi kí n gbé ọwọ́ mi sábẹ́ tábìlì. Èyí kò yà Bàbá lẹ́nu rárá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni nílùú àwọn, pé ẹni tó bá gba nǹkan nígbà àkọ́kọ́ tí a fi lọ̀ ọ́, ọ̀kánjúwà ni, pé ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò fẹ́ ẹ lóòótọ́ ni.

Màmá mi kò lè pe orúkọ àgbàlagbà, “Bàbá” ni wọ́n ń pè wọ́n. “Èmi kọ́ ni bàbá rẹ o,” ni Bàbá máa ń dáhùn. Nígbà tó yá, wọn kì í jẹ́ ìpè mìíràn mọ́. Àwọn náà wá ń pe Màmá ní Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, nítorí pé ọjọ́ tí Màmá kọ́kọ́ rí fèrè náà ni wọ́n pariwo pé, “Ẹwìrì bàbá mi rèé!” Alágbẹ̀dẹ ni bàbá Màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, Màmá ló sì ń fẹ́ná fún un kí wọ́n tó mọ ìwé kà. Bí Bàbá bá fẹ́ fọn fèrè, wọ́n á ké sí yàrá kejì: “Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, wá wo bí a ṣe ń fẹ́ná!”

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, awọ ẹwìrì náà ya. Bàbá ní ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe fèrè náà ti kú tipẹ́, pé ó ti parí nìyẹn. Màmá mi yọ abẹ́rẹ́ àti òwú pupa nínú báàgì wọn. Wọ́n rán an lábẹ́ etí awọ níbi tí ojú kì í dé, bí bàbá wọn ṣe máa ń rán tirẹ̀: ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, kókó kan, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta, kókó kan. “Bí ẹwìrì bá ń jò,” ni wọ́n wí, “ojú alágbẹ̀dẹ ló ń tì.”

Nígbà tí òtútù lọ, ọwọ́ Bàbá kò lè dì mú nǹkan mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan wọ́n ti àpótí fèrè náà sí ọ̀dọ̀ mi. “Tìrẹ ni. Gbé e lọ sílé.” Mo ní rárá, ẹ ṣé. Wọ́n tún sọ ọ́, mo tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta mo wo Màmá mi. Ojú wọn là rangandan. Mo kọ̀. Bàbá pa àpótí náà dé, wọn kò sì wo apá ọ̀dọ̀ mi mọ́ títí a fi lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ kejì, òjò ń rọ̀, Bàbá di ojú lórí àga. Mo rí Màmá mi tí wọ́n tú ìborùn àdìrẹ wọn tí áyọ́ọ̀nù ti jó ní igun, tí wọ́n fi wé àpótí náà, tí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n gòkè padà, ọwọ́ wọn ṣófo, kò sí ìborùn léjìká wọn. “Ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ,” ni gbogbo ohun tí wọ́n bá mi sọ.

Kò tó oṣù méjì tí Bàbá fi kú. Ọmọ wọn obìnrin dé láti ìpínlẹ̀ mìíràn, ó wá fèrè náà títí. Màmá mi ní Bàbá ti fi tọrẹ. Ta ni wọ́n fún? Màmá ní àwọn kò mọ orúkọ ẹni náà. Obìnrin náà kò pe ọlọ́pàá, àwọn tó gba Màmá síṣẹ́ ló pè. Oṣù márùn-ún ni Màmá fi wà láìníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn kan sì ń fi ẹ̀rín pè wọ́n ní Ìyá Fèrè. “Ìyá Fèrè, ẹ fọn díẹ̀ fún wa ná!” Màmá kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Títí di òní, wọn kò padà síbẹ̀.

Èmi ńkọ́? N kò gbèjà wọn. Mo ti rí àpótí tó lọ, mo ti rí ọwọ́ tó ṣófo. Fún ọdún mẹ́rìnlá, mo gbà nínú ọkàn mi pé Màmá mi tà á. N kò béèrè rí.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé èyí tí mo gbọ́ ohùn náà lórí fóònù, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí St. George, níbi tí ẹni tó ń ta fèrè náà ń gbé. Mo ti kọ ohun tí ìpolówó náà sọ sínú ìwé: pé ó ti pẹ́, pé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, pé ẹnì kan ṣoṣo ló ti lò ó rí kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń tà á. Kò sí ọ̀kan tí òpùrọ́ kò lè kọ.

Ọkùnrin tó ń tà á ti fẹ̀yìn tì nídìí bọ́ọ̀sì wíwà. Ó bu tíì fún mi.

“Ṣé o mọ̀ ọ́n fọn?”

“Rárá, sà.”

“Kí lo wá fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ kọ́kọ́ wò ó ná.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé ọlọ́pàá ni ọ́ ni?”

Ó ní ọwọ́ òun ti ń gbọ̀n ló jẹ́ kí òun fẹ́ tà á. Mo ṣọ́ ife tíì rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́, kódà nígbà tó rò pé fèrèsé ni mò ń wò. Mo bi í léèrè ibi tó ti rí fèrè náà.

Ó ní ọ̀dọ̀ àgbàlagbà kan ní Castle Hill, ẹni tó kọ́ òun ní fífọn. Ó ní ọmọ kan ni bàbá náà fẹ́ fún, ọmọ náà sì kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, bàbá náà kò sì jẹ́ fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. “Obìnrin ará Áfíríkà kan ló gbé e sọ̀kalẹ̀ fún mi wá sídìí mọ́tò. Òjò ń rọ̀. Ó fi aṣọ èjìká rẹ̀ bò ó. N kò rí aṣọ náà dá padà.”

“Kí ni obìnrin náà gbà lọ́wọ́ yín?”

“Kí ló fẹ́ gbà? Ó ní kí n yára, kí omi má kan awọ.”

Ẹni tó ń ta ọjà lè sọ ìtàn tó dùn. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ orúkọ mi fún un, n kò sì dárúkọ Castle Hill. Mo ṣí àpótí náà. Ìborùn àdìrẹ aláró wà lábẹ́ fèrè, àmì ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o wà ní igun rẹ̀. Mo gbé etí awọ ẹwìrì náà sókè. Òwú pupa. Mẹ́ta, kókó, mẹ́ta, kókó.

Owó tí mo ti ń tọ́jú láti fi ra mọ́tò ni mo san.

Màmá mi wà nílé nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Ìborùn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kì í ṣe fèrè. Mo sọ ohun tí ọkùnrin náà sọ. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni, Bàbá ló ní kí àwọn gbé e fún un.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“O ò bi mí.”

Òótọ́ ni. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì lórí ohun tí mo ti rò láti ọjọ́ yìí wá. Mo wá béèrè ohun tó kù: “Ojú tí ẹ là sí mi lọ́jọ́ tí Bàbá fẹ́ fún mi ńkọ́? Mo rò pé ẹ ní kí n má gbà á.”

“Mo ní kí o kúnlẹ̀,” ni wọ́n wí. “Àgbàlagbà fẹ́ fún ọ ní ohun tó tó yẹn, o wá dúró ṣánṣán bí igi iná. Mo ní kí o kúnlẹ̀ kí o gbà á.”

Aṣọ fèrèsé ẹlòmíràn ló wà ní ilé Bàbá báyìí. Àwọn tó ń pe Màmá ní Ìyá Fèrè ti ká lọ sí Texas àti Georgia, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ rí ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ fún. Ọmọ Bàbá ń bẹ níbì kan, n kò ní àdírẹ́sì rẹ̀. N kò lè jẹ́rìí sí ohun tí Bàbá rò nígbà tí wọ́n pa àpótí náà dé. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí kò pọ̀. Màmá mi gbé ẹwìrì náà há abẹ́ apá, wọ́n fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ọmọ alágbẹ̀dẹ. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ojú òwú pupa náà. Afẹ́fẹ́ kankan kò jáde.