Ibùdókọ̀ Rélùwéè Tí Kò Ní Òṣìṣẹ́

Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wa ṣe ní Òṣòdì títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Òkè-Àfà. Kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn nípa ọkọ̀ ojú irin. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Japan fi ibùdókọ̀ tó ti ń wọkọ̀ láràárọ̀ hàn wá lórí fóònù, ẹ̀rín ni Bàbá kọ́kọ́ rín. Ilé pákó kékeré kan ni, àga gbọọrọ kan ló wà nínú rẹ̀. Ó wá béèrè àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀.

Àbúrò mi ní kò sí ìkankan. Ó ní nígbà kan rí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó igi gẹdú, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ló ṣí lọ sí ìlú ńlá, ni wọ́n bá kó òṣìṣẹ́ kúrò. Opó ọ̀gá tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn níbẹ̀ nìkan ló ṣì ń wá gbálẹ̀ fúnra rẹ̀.

Inú Bàbá bàjẹ́. Ó ní bí nǹkan bá ṣe ọmọ òun níbi tí kò séèyàn, ta ni yóò mọ̀? Ojoojúmọ́ ló ń ní kó máa bọ̀ nílé, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú èmi tí mò ń gbọ́ ọ.

Àṣé lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ pàdé ìyá àgbà náà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí i, bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ìyá rò pé ó dákú ni. Ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé géńdé ọkùnrin dìde. Látọjọ́ náà ló ti gbà pé ara ọmọ yìí ò le, ló bá ń ṣọ́ ọ.

Lóṣù tó kọjá, ibà dá àbúrò mi wó. Ìyá ò rí i kó wọkọ̀, ó wá a délé, ó gbé ìrẹsì rírọ̀ dání.

Bí Bàbá ṣe gbọ́, ó ní òun fẹ́ rí i. Nígbà tí ìyá náà tẹrí ba lórí fóònù, Bàbá ṣí fìlà.

“Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ bá mi máa wò ó.” Ó wá kọjú sọ́mọ rẹ̀. “Máa ṣiṣẹ́ ẹ níbẹ̀. Mi ò ní ní kó o máa bọ̀ mọ́.”

Ó fún mi ní fóònù, ó wọ yàrá lọ. Èmi tí ọ̀rọ̀ ti sú ni mo jókòó sunkún. Bàbá ti darúgbó, ó sì ti ń fẹ́ fojú kan ọmọ náà kó tó kú.