Sítébiláísà Mummy àti Ẹ̀rọ Ata Alhaja

Ọ̀sán ààwẹ̀ ni onílé kan ní àdúgbò wa ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ ẹni tó jẹ̀bi nínú àwọn obìnrin méjì. Oòrùn mú, ọ̀fun mi gbẹ, iná sì ti lọ láti òwúrọ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó wà lórí tábìlì mi ló kàn ń wò mí. Mo sọ fún ẹni tó wá jíṣẹ́ pé rédíò ni mò ń tún ṣe, èmi kì í ṣe adájọ́.

Ó ní, "Bàbá ní ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ wá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ iná ni."

Mo mí kanlẹ̀, mo mú mítà tí mo fi ń wọn iná, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 lèyí, mo sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà ní Ọ̀fà. Òṣogbo ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í gbé ohùn sókè, tó máa ń fi etí kan ara sípíkà bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó máa ń sọ fún wa pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rọ náà kí a tó tú u. Àwa ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn títú ju gbígbọ́ lọ. Mo rántí ọjọ́ tí mo tú rédíò ìyá kan palẹ̀ pátápátá, tí mo wá rí i pé bátìrì rẹ̀ ló kú. Ọ̀gá kò nà mí. Ó kàn ní kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà kí n ra bátìrì wá, kí n máa ro ọ̀rọ̀ náà lọ lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ọjà Owódé, iná ìjọba ló ń fún mi níṣẹ́, òun náà ló sì ń sọ mí di arúgbó lọ́jọ́ àìpé. Ó lè wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gílóòbù á kàn pọ́n bí ẹyin iná. Ó tún lè ṣàdédé ga débi pé á jó ohun tó bá bá lára ògiri. Àwọn tó ní sítẹ́ríò wá bẹ̀rẹ̀ sí í ra sítébiláísà. Àpótí irin ni, ó wúwo, inú rẹ̀ kún fún wáyà kọ́pà tí wọ́n wé mọ́ irin. Àárín ògiri àti sítẹ́ríò ló máa ń wà, kí ó lè gbé iná tó bá wálẹ̀ dìde, kí ó sì tẹ èyí tó bá ga jù wálẹ̀.

Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi mí: "Injíníà, tí mo bá rà á, ṣé ohùn rẹ̀ á dùn sí i?"

Mo dáhùn ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi. Bí mo bá ní kò ní jẹ́ kí sítẹ́ríò wọn jó, wọn á ní ìyẹn kọ́ ni àwọn béèrè. Bí mo bá ní bóyá, wọn á lọ bá ẹni tó máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá kan wà tó ra méjì, tó so ọ̀kan mọ́ ìdí èkejì, tó wá ránṣẹ́ pè mí kí n wá gbọ́ bí orin ṣe ń dún bí ẹni pé olórin jókòó sí pálọ̀. N kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Mo kí i kú oríire, mo sì bá tèmi lọ.

Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n torí wọn pè mí yìí kì í ṣe àjèjì sí mi. Ọ̀kan ni Mummy, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀, tó ti dolóògbé, ló darí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fi ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù kan àti àwọn àwo orin ìyìn sílẹ̀. Bí iná bá wà ní ìrọ̀lẹ́, Mummy á gbé àwo kan sí i, á jókòó, á gbọ́ ọ parí kó tó dáná. Èmi ni mo máa ń pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà fún un.

Èkejì ni Alhaja, tí Mummy ń pè ní Rábí. Ẹ̀gbẹ́ ilé Mummy ló ti ń lọ ata, ẹ̀wà àti ògì. Mummy dàgbà jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ Alhaja ṣì ń lo epo dísẹ́ẹ̀lì, tí èéfín rẹ̀ ń kún ilé Mummy, Mummy kò bá a jà. Ó lọ bá a jókòó, ó gbà á níyànjú pé kó ra ẹ̀rọ oníná. Alhaja gbọ́rọ̀, ó rà á. Ní Kérésìmesì oúnjẹ á ti ọ̀dọ̀ Mummy wá, ní Iléyá ẹran á ti ọ̀dọ̀ Alhaja lọ.

Ẹ̀rọ oníná yìí náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí Alhaja bá ti tan án, iná ilé Mummy á wálẹ̀, orin á sì rọ. Ọmọ Mummy tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn gbọ́ ọ, ó gbé sítébiláísà ńlá kan wá, ó gbé e ka orí kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wà, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, orin kò rọ mọ́. Àmọ́ bí Alhaja bá tan ẹ̀rọ ata, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ orin náà, hùùùn, bí oyin tó há sínú ìgò. Mummy gbà pé Alhaja ti pààrọ̀ mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ náà, pé ó ti fi èyí tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i. Alhaja ní òun kò pààrọ̀ síkúrù kan.

N kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n jà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mummy ní ẹni tí kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí, báwo ló ṣe máa mọ ohun tó ń jẹ́ orin. Alhaja náà ní, "Daddy tí ẹ̀ ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i fún kò lè gbọ́ ọ mọ́ o, Mummy!" Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Mummy lọ bá bàbá onílé tó ni ṣọ́ọ̀bù Alhaja, bàbá sì ní kí Alhaja wá ibòmíràn gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Alhaja bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ pe ẹni tó mọ̀ nípa iná. Bí ọ̀rọ̀ ṣe kàn mí nìyẹn.

Mo bá bàbá onílé àti Mummy ní pálọ̀. Iná kò tíì dé. A jókòó, a ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wa, ojú mi ń wúwo. Nígbà tó yá, ariwo àwọn ọmọdé sọ ní ìta pé iná ti dé. Mummy gbé àwo kan sí i. Orin dún dáadáa, kò sí ohun tó ń kùn.

Mo ní, "Mummy, kò ṣe nǹkan kan."

"Kò lè ṣe nǹkan kan. Rábí kò tíì tan tiẹ̀."

Mo dìde lọ bá Alhaja. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló jókòó sí, ó káwọ́ lérí.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ yín."

"Kí n tan án kí wọ́n lè rí mi mú? N kò tan nǹkan kan o, Injíníà."

"Tí ẹ kò bá tan án, ohun tí Mummy sọ ni màá gbà."

Ó dìde, ó dami sínú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Mo padà sí pálọ̀. Gílóòbù rọ, nǹkan kan dún kẹ́ nínú sítébiláísà, ìkùn náà sì bẹ̀rẹ̀.

Mummy nawọ́ sí sípíkà. "Ṣé o gbọ́? Ṣé mo purọ́?"

N kò lè ní kò sí níbẹ̀. Bàbá onílé ti ń fi ọwọ́ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọkàn tèmi náà fẹ́ kí ó parí, kí n lọ sùn títí di àsìkò ìṣínu. Mo kàn ní kí n wo inú sítébiláísà yẹn kí n tó lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ní n kò wò ó. Wáyà rẹ̀ gùn, n kò tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára iná. Mo gbé e sáyà, mo ń gbé e lọ síbi fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Mummy ní, "Dúró!"

Mo dúró.

"Padà sẹ́yìn. Sún mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù."

Mo sún mọ́ ọn. Ìkùn náà pọ̀. Ó ní kí n tún jìnnà. Mo jìnnà, ó sì lọ. Ẹ̀rọ ata Alhaja ń pariwo ní ìta, orin ń dún ketekete nínú ilé, èmi dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú irin tó ń gbóná láyà mi. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Bí iná bá ti wálẹ̀, sítébiláísà á máa sapá láti gbé e dìde, irin inú rẹ̀ á máa kùn, abẹ́rẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì máa gbé ìkùn náà lọ sínú sípíkà. Ohun tí wọ́n rà kí orin lè dára ló ń ba orin jẹ́, kìkì nítorí ibi tí wọ́n gbé e sí.

N kò tíì sọ ọ́ jáde tí Mummy ti jókòó. Etí tó fi gbọ́ àwọn akọrin ọkọ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbọ́ èyí náà, bí kò bá sì ní kí n dúró, n kì bá tí mọ̀.

Ó ní, "Kì í ṣe Rábí. Ẹ lọ pè é wá."

Alhaja wá, ata gbígbẹ lára aṣọ rẹ̀. Mummy sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní, "Mo fura sí ọ láìtọ́. Má bínú, Rábí." Bàbá onílé rẹ́rìn-ín, ó ní kí Alhaja máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Alhaja kúnlẹ̀ kí bàbá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá. Àmọ́ mo ti gba ṣọ́ọ̀bù ní Ìjàgbó." Ó wá kọjú sí Mummy. "Mummy, ìkùn yẹn ti lọ, ẹ̀yin gan-an lẹ gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí mi, àtèyí tí èmi náà sọ sí yín, kò tíì lọ ní tèmi. Ẹ jẹ́ kí n ṣì máa lọ ná."

Ó sì lọ. Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n ru ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀ lọ sí Ìjàgbó, ìlú tó wà nítòsí wa. N kò rí ẹran tó kọjá sílé Mummy lọ́dún náà.

Nígbà tí mo tún lọ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, sítébiláísà ti wà ní igun pálọ̀, ó jìnnà sí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù. Kò sí ẹ̀rọ ata tó ń fa iná wálẹ̀ ládùúgbò mọ́.

Mummy bi mí pé, "Injíníà, ṣé ó ń ṣe nǹkan kan báyìí?"

Mo ní, "Bí iná bá dára báyìí, Mummy, kò fi nǹkan kan kún orin. Bí iná bá wálẹ̀ ló tó wúlò."

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ló ní. Ó yí àwo náà padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún díẹ̀ sí i. Èéfín òjé tí mò ń yọ́ fi lẹ wáyà ti ba ojú mi jẹ́, ẹ̀yìn mi kò sì fẹ́ àga tí kò ní ìfẹ̀yìntì mọ́. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn. Àwọn ènìyàn ṣì máa ń dá mi dúró lójú ọ̀nà bi mí ní ìbéèrè sítébiláísà, mo sì máa ń dá wọn lóhùn bí agbára mi bá ṣe mọ.

Lọ́jọ́ kan, nígbà ọyẹ́, mo rí Mummy níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń gbérò lọ sí Ìjàgbó. Ó ti di àgbàlagbà gan-an. Ó gbé ike ata sórí itan, ó ń bá ọlọ́kadà sọ pé kó má sáré. Ẹ̀rọ ata tuntun ti dé òpin àdúgbò wọn nígbà náà, mo sì rò pé bóyá kò mọ̀.

Mo ní, "Mummy, ẹ kú ìrìn. Wọ́n ti ń lọ ata ládùúgbò yín o, kò jìnnà sílé."

"Mo mọ̀," ló dáhùn. Ó ti aṣọ bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kí táyà má baà fà á. "Ti Rábí ló máa ń kúnná."

Gbogbo ẹ̀rọ ata tí mo mọ̀, bákan náà ni wọ́n ń lọ ata. N kò bá Mummy jiyàn. Mo bá a di ike náà mú títí ó fi jókòó dáadáa, ọlọ́kadà sì gbéra.