Orúnkún Mi Kò Ká Mọ́

Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé garawa nídìí ẹ̀rọ omi àgbàlá wa ní àdúgbò Jollof Town, àfi bí orúnkún ọ̀tún mi ṣe kọ̀, tí n kò lè dìde. Mo rò pé mo fi ẹsẹ̀ rọ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wú, ó gbóná, ibà sì dé.

Ní ọsibítù, orí bẹ́ǹṣì ni èmi àti ìyá mi jókòó sí títí oòrùn fi yí. Dókítà ní kòkòrò àìsàn ló wọ oríkèé mi, ó sì ti di ọyún níbẹ̀. Wọ́n là á, wọ́n fa ọyún náà, wọ́n sì ń gún mi lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Bí aṣọ lásán bá kàn án, màá ké. Nígbà tó jinná, oríkèé náà ti gan: egungun tó pàdé níbẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra. Mò ń rìn, ṣùgbọ́n n kò lè kúnlẹ̀ mọ́.

Ràímì, ọmọ Yorùbá tó ń ta aṣọ lọ́jà, ti ń bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́ nígbà náà. Ó mú àǹtí rẹ̀ wá wò mí. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èmi ló yẹ kí n gbé omi fún àlejò lórí ìkúnlẹ̀.

"Jókòó sínú yàrá," ni ìyá mi wí. "Bí o bá nàró kí wọn, wọn á ní n kò kọ́ ẹ."

Ojú ń ti èmi náà. Mo jókòó.

Mo gbọ́ ohùn àǹtí ní pálọ̀: "Omi ọ̀hún, ṣé Bundung tó jìnnà lọ́hùn-ún ni ìyàwó wa ti lọ pọn ọ́n ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi ló gbé omi jáde. Ìyá mi ní mo ti sùn. Ẹ̀rín tán. Wọ́n lọ, wọn kò padà wá.

Ràímì ti fẹ́ ẹlòmíràn kí n tó lè bi í bóyá nítorí ẹsẹ̀ mi ni wọn kò fi padà wá.

"Ẹsẹ̀ kẹ̀?" ló wí. "Mo ti sọ fún àǹtí kí a tó wá. Ó ní bí o bá tilẹ̀ wà lóòró kí òun, ó tó òun. Ìgbà tí o kò yọjú la gbà pé o kò fẹ́ wa."



Ẹ̀yin tí irú èyí bá ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wá wò yín rí yín. Ìdúró ni mo fi ń kí àgbà báyìí. Kò sí ẹni tó tíì bá mi wí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yìí, wọn ì bá ti gé e. N kò bínú sí ẹsẹ̀ náà. Ìkúnlẹ̀ nìkan ni àìsàn gbà lọ́wọ́ mi, Ràímì kọ́.