Ìdáhùn Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Mi Ní

Ìyá mi ti di ẹrù wọn sínú báàgì kan, wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n sì sọ fún mi pé lọ́jọ́ kejì Iléyá, àwọn ń lọ sí Màmù lọ́dọ̀ ẹbí wọn. Bàbá mi ò lù wọ́n. Wọn ò fẹ́ ìyàwó lé wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti ìgbà tí bàbá mi ti fi iṣẹ́ sójà sílẹ̀, lẹ́yìn ogun Làìbéríà tí ìjọba rán wọn lọ, wọn ò fẹ̀yìn lé bẹ́ẹ̀dì mọ́. Orí àga tí wọ́n gbé ti ilẹ̀kùn pálọ̀ ni wọ́n ń sùn sí, tàwọn ti bàtà lẹ́sẹ̀. Bí ìyá mi bá sì béèrè láàárọ̀ pé, "Ṣé ẹ sùn dáadáa?" ìdáhùn kan ṣoṣo ni bàbá mi ní: "A dúpẹ́."

"Mi ò ní kí ara bàbá ẹ yá lónìí," ìyá mi sọ fún mi. "Kí wọ́n ṣáà sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ń gbọ́ a dúpẹ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú wọn, mo gbé ẹ̀rín mi mì.

Nígbà yẹn mo ń kàwé ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ara pátákó níbẹ̀ ni mo ti kà á pé àwọn kan tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ ń pe àwọn ajagunfẹ̀yìntì agbègbè wa sí ìpàdé ní ọ̀sán Sátidé, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, wọ́n á ta ayò, wọ́n á jẹun, wọ́n á sì jọ sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ ọpọlọ, bàbá mi á ní kí n jáde níwájú àwọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo bá sọ. Wọ́n wọ agbádá kékeré, wọ́n tẹ̀ lé mi.

A wọ mọ́tò ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí a dé Òrù, níbi àgọ́ tí àwọn ará Làìbéríà tó sá fún ogun ń gbé, bàbá mi di ojú wọn. Wọn ò là á títí a fi kọjá. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò rí i.

Nínú gbọ̀ngàn ìpàdé ní Àgọ́-Ìwòyè, dókítà obìnrin kan mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó ń bi àwọn bàbá náà lọ́kọ̀ọ̀kan pé báwo ni oorun wọn. Ọ̀kan ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Òmíràn ní Alihamudulilahi. Bàbá kan tó wá láti Efire, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n débi pé tíì ti dà sí ṣòkòtò wọn, ní kò sí wàhálà kankan. Dókítà ń kọ "dáadáa" sílẹ̀ ṣáá. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, a kì í fi ẹnu ara wa pe ibi. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jó lọ́wọ́, bí o bá kí i, yóò kọ́kọ́ dúpẹ́ ná.

Ó wá kan bàbá mi. "A dúpẹ́," ni wọ́n wí.

Mo rántí báàgì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, inú sì bí mi. Ìyá mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí mo bá ń lọ sọ́run, ẹnu mi ni yóò ṣáájú mi débẹ̀. Mo dìde. "Irọ́ ni, Dókítà. Orí àga ni wọ́n ń sùn sí, tàwọn ti bàtà. Bí èèyàn bá gba ẹ̀yìn wọn kọjá, wọ́n á fò sókè. Bí a bá dé Òrù, wọ́n á dijú."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ: mo pe bàbá mi ní òpùrọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bàbá mi mú fìlà wọn, wọ́n jáde.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo rò pé ìyá mi á gbè mí. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni mo ní kó sọ ọ́ ni?" Ọ̀rọ̀ náà dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ìwòsàn ni mo ṣe, àbí mo dá egbò sí wọn lára.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé tún pé, bàbá mi ò lọ. Lọ́jọ́ kejì, bàbá Efire wá kí wọn pẹ̀lú ẹja yíyan nínú bébà. Àwọn méjèèjì jókòó sí fàráńdà. Mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé, torí bí mo ṣe rí nìyẹn.

"Èmi, abẹ́ rẹ̀ ni," bàbá Efire wí.

"Abẹ́ kí ni?"

"Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ń sùn sí. Ìyàwó mi wà lókè."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkejì bá wọn rín in, àfi ìgbà tí wọ́n ń nu ojú. Kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ìyẹn? Ọ̀rọ̀ ẹkún ni lójú tèmi.

Bàbá mi padà sí ìpàdé ní Sátidé tó ṣáájú Iléyá. "Ìwọ, dúró síta," ni wọ́n sọ fún mi. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo jókòó sí. Ohun tí wọ́n sọ nínú ilé yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Nígbà tí a ń padà bọ̀, a dé Òrù, wọ́n tún di ojú wọn. Mo ní ó ti tán nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì Iléyá, báàgì ìyá mi ti wà ní pálọ̀. Wọ́n gbé ògì wá fún bàbá mi, wọ́n sì béèrè, bóyá torí pé ó ti mọ́ wọn lára: "Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Bàbá mi wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. "Rárá," ni wọ́n wí. "Mi ò sùn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyá mi dúró pẹ̀lú abọ́ ògì lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ti ń retí láti ọdún mẹ́fà nìyí, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n máa fi dá a lóhùn. A ní ìkíni fún òjò, fún ìjókòó, fún ìnáwó. Èmi alẹ́nu gan-an, mo wá èyí tó bá ti bàbá mi mu, mi ò rí i.

Ìyá mi gbé ògì sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ níwájú àga, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà náà. Bàbá mi jẹ́ kí wọ́n tú u.