Ọjọ́ Tí Mo Fẹ̀sùn Kan Mẹkáníìkì Wa ní Challenge

"Bàbá, ẹ ti pa ẹ́ńjìnì ẹ̀gbọ́n mi!"

Ohun tí mo sọ nìyẹn, mi ò sì rọra sọ ọ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kò tíì lù. Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn Challenge n'Íbàdàn, lápá ibi tí èèyàn ti ń yọ sí Ring Road, ló gbọ́. Ẹni tó ń na irin dáwọ́ dúró. Ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Bodija, tó jókòó sórí bẹ́ńṣì tó ń dúró de ọkọ̀ Ìjàpá rẹ̀, dìde. Lẹ́yìn mi, ọkọ̀ tí mo wà wá ṣì ń tú èéfín, èéfín funfun tó láwọ̀ aró nínú, débi pé mi ò rí títì tí mo gbà wọlé mọ́.

Láti Dùgbẹ̀ ni èéfín náà ti bẹ̀rẹ̀. Onítakisí kan yọrí sí mi lójú ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹja lẹ ń yan níbẹ̀ ni?" Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wo dígí ẹ̀yìn tí mi ò rí ọkọ̀ kankan mọ́, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu mi.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nílùú Jámánì, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. Nígbà tó yá, láàárín àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ gbé e lọ sí Sókótó. Ó ní iyanrìn ibẹ̀ kò ní bá ọkọ̀ òun mu, ló bá fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́. Ọkọ̀ eré ni, ilẹ̀kùn méjì péré, ó dọ̀bálẹ̀ bí aláǹgbá tó ń yáàrùn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà. Kò ní rédíétọ̀, kò sì mu omi. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, bíi ti Ìjàpá, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn roboto tí gbogbo ayé mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi gbé e fún Bàbá, àgbà mẹkáníìkì tí kì í tún ọkọ̀ mìíràn ṣe bí kò ṣe Ìjàpá, láti ìgbà tí ọgbà náà ṣì jẹ́ igbó. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Èyí kàn lọ yunifásítì ni."

Àìsàn tí mo rò pé ó ń ṣe ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe, Dùgbẹ̀ sì ni ọ́fíìsì wa wà. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ kan wà tó ń fi hàn bóyá pọ́ǹpù ń ti ọ́ìlì dáadáa káàkiri inú ẹ́ńjìnì. Láàárọ̀, abẹ́rẹ́ náà á nàró. Àmọ́ tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá ti dá mi dúró ní Dùgbẹ̀, tí ara ọkọ̀ gbóná, abẹ́rẹ́ á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi sùn lórí òdo. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ́ńjìnì tí kò lómi, tí ọ́ìlì kò bá tún sáré nínú rẹ̀, irin á máa jẹ irin ni.

Tí mo bá ń padà sílé nírọ̀lẹ́, mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà Bàbá. Mi ò ní sọ̀ kalẹ̀. Màá yọrí lójú fèrèsé, màá pariwo pé, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o! Géèjì ọ́ìlì tún ti wálẹ̀!"

Láti abẹ́ ọkọ̀ tó wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. "Bu sí i!"

"Ẹ ṣé, Bàbá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó tan ọkọ̀, màá ṣe bí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ n'Íbàdàn ṣe ń ṣe. Màá fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, màá nù ún, màá tì í bọ̀ ọ́, màá tún fà á yọ. Ńṣe ni yóò gbẹ. Màá sì bu ọ́ìlì sí i. Lẹ́ẹ̀kan tí mo béèrè pé kí ló dé tí kò yé gbẹ, Bàbá ní, "Ẹ́ńjìnì tí afẹ́fẹ́ ń tù fẹ́ràn ọ́ìlì. Àwọn Ìjàpá náà ń mu ún." Ọ̀rọ̀ náà bá ohun tí mo rí mu. Mo gbà á.

Ìyẹn ni mo kó sínú tí mo fi dé ọgbà láàárọ̀ ọjọ́ náà tí mo sì pariwo.

Òfin ọgbà kò gùn: mẹkáníìkì tó bá fi àìbìkítà ba ẹ́ńjìnì oníbàárà jẹ́, yóò gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Wọ́n lọ pe alága wọn, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Ó kéré sí Bàbá lọ́jọ́ orí, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí i kó tó kọjú sí mi.

"Akọ̀ròyìn, ṣé o mọ ohun tí o sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, alága."

"Ó dá ẹ lójú pé Bàbá ló pa á?"

"Ó dá mi lójú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń sọ fún wọn pé géèjì ń wálẹ̀. Wọn ò wá wò ó lẹ́ẹ̀kan."

Alága yíjú sí Bàbá. "Ṣé lóòótọ́ ni, Bàbá?"

Bàbá ṣí fìlà, ó nu orí, ó dé e padà. "Òótọ́ ni pé mi ò wò ó. Alága, ẹ jẹ́ ká wò ó nísinsìnyí. Tí ẹ́ńjìnì yìí bá ti nọ́ọ̀kì, ẹ má wulẹ̀ lé mi. Màá gbé àpótí mi fúnra mi."

Ìyá ọ̀gá ilé ìwé kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó gba kọ́kọ́rọ́ Ìjàpá rẹ̀, ó ní òun á padà wá. Àwọn oníbàárà méjì mìíràn tẹ̀ lé e. Bàbá wò wọ́n títí wọ́n fi yọ sí títì.

Ẹni tó ń ṣe bátìrì ní, "Ẹ tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀, ká rí inú ẹ̀!"

Bàbá dá a lóhùn pé, "Ẹni tí orí ń fọ́, ṣé orí lo máa kọ́kọ́ gé wò?"

Ó ní kí n tan ọkọ̀. Ó mú sukurudáfà gígùn kan, ó fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì, ó fi ìdí rẹ̀ ti etí ara rẹ̀, ó dijú. Ó gbé e káàkiri, ibí, ọ̀hún, ìsàlẹ̀. Èéfín ń gba àárín wa kọjá.

"Ẹ́ńjìnì tó bá ti nọ́ọ̀kì máa ń kanlẹ̀kùn látinú," ló wí nígbà tó lajú. "Èyí ò kan nǹkan kan."

Mo ní, "Géèjì tó wà lórí òdo ńkọ́?"

Bàbá tọrọ ohun kan lọ́wọ́ alága: ìwọ̀n onírin tí alága fi ń mọ bí ọ́ìlì ṣe ń lágbára tó nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ akẹ́rù. Ó rí roboto bí agogo ọwọ́, ó ní rọ́bà gígùn nídìí. Lára ẹ́ńjìnì wa, ohun kékeré kan wà tó tóbi bí ọmọrí ìgò, tí wáyà so mọ́. Òun ló ń ránṣẹ́ láti ẹ́ńjìnì sí abẹ́rẹ́ orí dáṣíbọ́ọ̀dù. Bàbá pa ọkọ̀, ó tú ohun kékeré náà kúrò, ó de rọ́bà ìwọ̀n alága mọ́ ojú ihò kan náà. Ó fi irin kan bí ìkòríta gba ọ́ìlì lọ sí ọ̀tún àti òsì, ó sì de ohun kékeré náà padà sí apá kejì, kí àwọn méjèèjì lè máa jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n tún tan ọkọ̀, kí a jẹ́ kó gbóná dáadáa.

A dúró. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ bó ti máa ń ṣe ní Dùgbẹ̀, ó sùn sórí òdo.

Mo kígbe pé, "Ẹ wò ó! Ẹ wá wò ó, alága!"

Alága ki orí bọ fèrèsé, ó wò ó. Ó lọ sẹ́yìn, ó wo ìwọ̀n tirẹ̀. Ó tún padà wá síwájú, ó tún lọ sẹ́yìn. "Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń parọ́," ló wí.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ wo tẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ ìwọ̀n onírin náà dúró gbọn-in, ó jìnnà sí òdo. Bàbá fa irin tó ń fún ẹ́ńjìnì lépo díẹ̀, ẹ́ńjìnì ké, abẹ́rẹ́ náà gòkè. Ó fi í sílẹ̀, ó rọra padà sí ibi tó wà.

Bàbá ní, "Tẹ̀yìn yìí, ọ́ìlì fúnra ẹ̀ ló ń tì í. Tiwájú, wáyà ló ń gbọ́ ìròyìn fún un. Ohun kékeré yìí ló ti bàjẹ́. Tó bá ti gbóná, irọ́ ló ń pa. Ẹ́ńjìnì ò ṣe nǹkan kan."

Àwọn ènìyàn hó. Àmọ́ ara mi kò tíì balẹ̀, ìtìjú kò sì jẹ́ kí n dákẹ́. Mo ní, "Èéfín ńkọ́? Ṣé wáyà náà ló ń tú èéfín ni?"

Bàbá kò pa ọkọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ló fa irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nù ún, ó tì í bọ̀ ọ́, ó fà á yọ. Ó gbé e sókè nínú oòrùn. Ọ́ìlì ti bò ó láti ìsàlẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ ń dì mú.

"Yéè!" Alága ló ké bẹ́ẹ̀. "Ta ló da odò sínú ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni," ni mo wí. "Bàbá ló ní kí n bu sí i."

"Mo ní kí o bu sí i," ni Bàbá wí, "torí o ní géèjì ti wálẹ̀."

"Ó wálẹ̀ náà ni!"

"Géèjì wo?"

Mo na ìka sí inú ọkọ̀, sí abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ní àkókò kan náà, Bàbá na irin tó ń kán ọ́ìlì sílẹ̀ sí mi lójú.

Lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì, irin yẹn ni géèjì. Lẹ́nu tèmi, abẹ́rẹ́ ni géèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń sọ ọ̀kan, tí Bàbá ń gbọ́ èkejì. Èmi tí mo máa ń bi ẹlẹ́rìí lẹ́ẹ̀mẹta pé "kí lẹ ní lọ́kàn gan-an?" kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Mo kólòlò pé irin náà gbẹ láràárọ̀, mo búra sí i. Bàbá wá mi orí. "Ṣé kí o tó tan ọkọ̀ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé pé ọkọ̀ yìí ní àgbá ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá ti sùn mọ́jú, ọ́ìlì á ti ṣàn kúrò nínú àgbá lọ sí ikùn ẹ́ńjìnì, irin á sì gbẹ. Ìgbà tó bá gbóná, tó sì ń ṣiṣẹ́, nìkan ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Gbogbo èyí tí mo bù ní àbùjù ló wá ibi gbà jáde, tó gba ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú iná ẹ́ńjìnì, tó di èéfín.

"Mo fi han ẹ̀gbọ́n rẹ," ni Bàbá wí. "Mo rò pé ó ti fi hàn ọ́. Èmi náà jẹ̀bi. Mo gbọ́ ohùn, mi ò jáde wò ó."

Alága ní, "Bàbá kò jẹ̀bi. Àpótí wọn kò kúrò níbí." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́? Èèyàn mẹ́ta ló ti gbé ọkọ̀ wọn lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Bàbá ní kí n dìde, aṣọ mi ti bàjẹ́. Wọ́n fa ọ́ìlì tó pọ̀jù jáde, ó kún kẹ́ẹ̀gì kan dáadáa. Kó tó di ọjọ́rọ̀, Bàbá wà á lọ sí Ring Road ó sì padà. Èéfín ti fẹ́ẹ̀ tán.

Mo wọ takisí lọ sí Bodija. Ìyá ọ̀gá ilé ìwé gbọ́ ọ̀rọ̀ mi látòkèdélẹ̀.

"Nítorí náà, ìwọ lo ba ọkọ̀ jẹ́?"

"Èmi ni, Mà."

"O sì pariwo mọ́ àgbàlagbà lójú gbogbo wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ wọn."

"Ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ àwọn méjì yòókù?"

Mo ní ọ̀kan gbà láti padà. Èkejì ní ẹni tí wọ́n bá ti pè ní apẹ́ńjìnì, òun ò lè gbé ọkọ̀ òun fún un mọ́, ì báà ṣe irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn. Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Kò padà mọ́ nìyẹn," ló wí. Kò sì padà lóòótọ́, láéláé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wa Ìjàpá rẹ̀ wọ ọgbà. Mo wà níbẹ̀. Bàbá yọ jáde kúrò lábẹ́ ọkọ̀ tó wà, ó nu ọwọ́, ó rìn lọ bá a.

"Ẹ kú àárọ̀, Mà. Kí ló ń ṣe é?"

"Ọwọ́ rẹ̀ ló ń rọ̀, Bàbá."

"Ọwọ́ wo, Mà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ kàn án fún mi."

Ìyá náà wò mí, ó wo Bàbá, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó wá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ilẹ̀kùn.