Obìnrin Tó Ń Fún Ariwo Ní Máàkì

Aránṣọ ni obìnrin yìí, ṣùgbọ́n kì í rán ẹ̀wù. Àga ló ń dáṣọ fún. Ẹni tí tìmùtìmù ilé rẹ̀ bá ti ya, tí fóòmù ń yọjú níbẹ̀ bí eyín inú ẹnu arúgbó, á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nísàlẹ̀ ilé. Á bá a lórí máṣínnì pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, tó ti fi ẹ̀rọ ìgbọ́rin dé etí méjèèjì. Oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n á kí i títí, kò ní dáhùn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n a kàn fọwọ́ tọ́ ọ léjìká.

Ohun tó ń gbọ́ ló ń ya aráyé lẹ́nu. Orin rọ́ọ̀kì ni, èyí tó le jù nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mẹ́tàlì àti háádíkọ̀ọ̀: gìtá tó ń han bí ayùn tó pàdé ìṣó, ìlù tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, àti akọrin tó ń bú ramúramù bíi kìnnìún tí ebi ń pa. Bẹ́ẹ̀ obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, tó ń lo awò ojú, tí kì í gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni. Bó bá gbọ́ àwo orin kan tán, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, á kọ èrò rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á sì fún un ní máàkì nínú mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ lorúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Orúkọ náà sì bá a mu, nítorí bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Nígbà kan ó kọ nípa ẹgbẹ́ olórin kan pé: “Gìtá wọn ń ké bí ẹni tí ìlẹ̀kùn há níka, ṣùgbọ́n ìlù wọn ò mọ ilé ẹni tó ń lọ. Mẹ́rin.” Àwọn olórin náà bínú gan-an. Nígbà tí wọ́n ṣe àwo mìíràn, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí.

Ikú ìyá rẹ̀ ló mú un dé ìdí orin yìí. Àwọn ẹbí ní kó mọ́kàn le, wọ́n ní ìyá ti dàgbà kó tó lọ, kó nujú nù. Ó nujú nù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹkún náà kò lọ síbì kankan. Ó dúró sí i láyà bí omi inú fóòmù. Lọ́jọ́ kan ó ń wá ìròyìn lórí rédíò, ló bá ṣèèṣì bọ́ sórí orin kan tí obìnrin kan ti ń fi gbogbo ẹ̀dọ̀fóró ké. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé aṣọ tó ń gé sílẹ̀, ó jókòó sórí ìdì fóòmù, ó sì gbà pé ẹnì kan ti ń bá òun sun ẹkún tí wọn ò jẹ́ kóun sun. Láti ìgbà náà ló ti ń wá irú orin bẹ́ẹ̀ kiri.

Ọkọ rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì. Kílẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, tó bá dọ̀sán á wálé, á jẹun, á sùn. Ìdí nìyẹn tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fi ẹ̀rọ dé etí. Kò bá a gbọ́ orin náà rí. Ó máa ń ní obìnrin lòun fẹ́, òun ò fẹ́ kìnnìún mọ́ ọn. Síbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ nílé búrẹ́dì, a ní kí wọ́n yéé, pé àwọn tó ń ka ohun tí ìyàwó òun ń kọ ń bẹ ní ìlú tí àwọn ò lè pe orúkọ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n sáré wá pè é pé ọkọ rẹ̀ ṣubú sídìí ààrò. Rọpárọsẹ̀ ni. Àwọn dókítà sa gbogbo ipá wọn, ẹ̀mí kò bọ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún kú, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ohùn tó ń jáde níbẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ òkúta lórí pákó. Ọkùnrin aláwàdà ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e délé, kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan kó yé ènìyàn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kó ẹrù wá láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọwọ́ obìnrin yìí kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀. Ó ń fọṣọ, ó ń sebẹ̀, ó ń wẹ àbúrò rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun, ó sì ń sọ̀rọ̀ láti ìdájí títí di àṣálẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó yọ wáyà àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá tó wà ní yàrá, èyí tí ìyàwó fi ń gbọ́ orin bí ọkọ kò bá sí nílé, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ilé aláìsàn kì í ṣe ilé ariwo. Ìyàwó kò jiyàn. Ẹ̀rọ ìgbọ́rin kò sí létí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń kà á ń béèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé Abẹ́rẹ́ dà, kò dá wọn lóhùn.

Ọmọbìnrin kan ń ti ọsibítù wá láti kọ́ ọkùnrin náà ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó fi dá wọn lójú pé làákàyè rẹ̀ pé, pé ahọ́n àti ètè ni kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu, kí wọ́n ṣáà ní sùúrù. Sùúrù wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbin báyìí, ẹ̀gbọ́n á bẹ̀rẹ̀: ṣé omi ni? Ṣé òtútù ni? Ṣé ó fẹ́ tọ̀ ni? Tí kò bá sí èyí tó bá a mu nínú wọn, ọkùnrin náà á kọjú sógiri, omi á máa ṣàn lójú rẹ̀.

Ọ̀sán kan ó tún gbin, ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ti dórí omi, ó ti kúrò níbẹ̀, ó ti dórí ìrọ̀rí, nígbà tí ìyàwó gbọ́ tí ẹnu òun fúnra rẹ̀ sọ ohun tí kò sọ sí i rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ná.”

Ẹ̀gbọ́n gbé ìrọ̀rí náà mọ́ra. Ìyàwó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí ọkọ òun tún un sọ. Ó wá dijú, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe bó bá ń gbọ́ àwo tuntun. Kò lé ọ̀rọ̀ kiri. Ó jẹ́ kí ariwo náà kọjá lára òun, ó ń ṣọ́ ibi tí èémí ti wọlé àti ibi tó ti tán. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ. Ètè ọkọ rẹ̀ ti sọ gbogbo lẹ́tà nù, ṣùgbọ́n ohùn orí wọn ṣì wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó fò sókè, ó bọ́ sáàárín, ó tún fò díẹ̀, ó wá já wálẹ̀ bí àpò ìyẹ̀fun, kò sì dìde mọ́.

*Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ jù.*

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé e, kí ẹkún tó dé. Ẹ̀gbọ́n rọ̀ mọ́ ọn, ó ní kí ló wí.

“Wọ́n ní ẹ kú wàhálà,” ni ìyàwó dáhùn.

“Irọ́,” ni ọkùnrin náà gbin láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbọ́n pàápàá gbọ́ èyí ketekete.

Kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, ìyàwó ní láti sọ ọ́ bó ṣe jẹ́. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀ títí, ojú rẹ̀ kún fún omi. “Òun náà nìyí,” ló sọ jẹ́jẹ́. “Ohun tó máa ń sọ fún mi láti kékeré nìyẹn.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì di ọwọ́ tó kú yẹn mú.

Kò di ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí Abẹ́rẹ́ náà kò gbọ́, á ní kí ọkọ rẹ̀ tún un sọ títí yóò fi rẹ ẹ́. Ọmọbìnrin ọsibítù kọ́ wọn bí ọkùnrin náà ṣe máa mí láti ikùn kó tó lanu, ìyàwó sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn akọrin tirẹ̀ ṣe ń mí. Àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ lórí èyí títí tíì fi tutù. Ẹ̀gbọ́n náà kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́ kí a tó gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹn ṣòro fún un ju ilé gbígbá lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ́ àwọn gbohùngbohùn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó nu eruku ara wọn.

Ọkùnrin náà kò lè padà sídìí ààrò mọ́. Ó ń fi ọ̀pá rìn, ọ̀sán rẹ̀ kì í ṣe ti oorun mọ́, ó wá ń bá ìyàwó rẹ̀ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn kìnnìún náà, ó béèrè pé ṣé rọpárọsẹ̀ ṣe ìyẹn náà ni. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí òwú fi yọ lójú abẹ́rẹ́ máṣínnì.

Láìpẹ́ ó di ẹni tó ń jiyàn. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fi àwo ránṣẹ́. Ọkùnrin náà tẹ́ etí sí i dópin, ó ní mẹ́sàn-án ló yẹ wọ́n, torí pé ó ti rẹ akọrin náà, síbẹ̀ kò dúró. Abẹ́rẹ́ ní àánú nìyẹn, àánú kì í ṣe máàkì. Ọkọ gbin, aya dáhùn. Ẹ̀gbọ́n tó gbé tíì wọlé gbè sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, láìgbọ́ orin kankan.

Ohun tí Abẹ́rẹ́ kọ lọ́jọ́ náà kò gùn. “Ìlù wọn dára, gìtá wọn ń kánjú. Mo fún wọn ní mẹ́fà. Ọkọ mi fún wọn ní mẹ́sàn-án. A ò tíì parí ìjà.”