Kòkó Gbígbẹ Tí Mo Pè Ní Tútù

Òórùn kòkó tó ti bu ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe òórùn kòkó tuntun tó ń kan díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tí àwa ọmọ Ìdànrè kì í tilẹ̀ kà sí òórùn mọ́. Èyí tí mò ń sọ yìí ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú àpótí. Ó ń kó mi nírìíra títí dòní, nítorí ọwọ́ mi wà níbẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ la ṣe òṣùwọ̀n kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ inú àpò kòkó láti mọ̀ bó ṣe gbẹ tó. Okùn USB ló so ó mọ́ kọ̀ǹpútà akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olóko kòkó ní Aládé, nílé wa Ìdànrè, ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń hàn. Ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ inú rẹ̀ kéré, mẹ́mórì rẹ̀ kò tó nǹkan, a sì ní láti yan sọ́fítíwíà tí yóò máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ gba inú okùn yẹn. Méjì ló wà níwájú wa. Ọ̀kan, àwọn kan ló kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò gba àyè, ó ṣe é kà látòkèdélẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gbà wá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká tó mọ̀ ọ́n lò. Èkejì bá ṣíìpù náà wá, ó sì tóbi ju mẹ́mórì wa lọ, síbẹ̀ òun la mú. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gé e bí ẹni ń gé ṣòkòtò tó gùn jù. Lára ohun tó gé dànù ni ibi tó ń jẹ́ kí òṣùwọ̀n mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ti sùn, bí ìgbà tí wọ́n bá pa á dé, tàbí pé ó ti jí. Mo rí i. Mo ní, "Eléyìí ńkọ́?"

"Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́? Kí lo tún ń wá?"

Mo jẹ́ kó máa gé e lọ. Ṣíọ̀! Èmi tí mo gbọ́ láti kékeré pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lóòótọ́, ní yàrá wa ní Àkúrẹ́, kọ̀ǹpútà kì í sùn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ bí iná ṣe ń ṣe nílé?

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wá kó kòkó ní Aládé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀, wọ́n mú iná lọ. Akọ̀wé pa kọ̀ǹpútà dé kí bátìrì má baà tán. Nígbà tó ṣí i padà, nọ́ńbà àpò tútù kan tí wọ́n gbé wá láti abúlé Atosin ló ṣì wà lójú rẹ̀. Àpò mẹ́ta opó àgbà kan ló kàn, gbogbo ohun tó rí kó lọ́dún yẹn. A ki òṣùwọ̀n bọ̀ ọ́, nọ́ńbà kò yí padà. Ìyá náà bu ẹ̀kúnwọ́ kòkó, ó fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ létí mi, bí àwọn baba wa ti ń ṣe kí òṣùwọ̀n tó dé. Ó ń dún pàrà-pàrà.

"Ṣé bí kòkó tútù ṣe ń dún nìyí?"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ̀rọ kì í purọ́, Màmá." Gbogbo ojú wá yí sí mi. Èmi tí mo mọ ohun tí a gé dànù, mo ní, "Ẹ gbé e lọ, kí ẹ tún un sá."

Ọkọ̀ lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó bá kòkó tí ìyá náà tú sílẹ̀ láti sá, kò sì dá fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí akọ̀wé pè mí pé nọ́ńbà máa ń dúró lójú kan tí òun bá ti pa kọ̀ǹpútà dé, ọ̀rẹ́ mi ní, "Ní kó máa yọ okùn, kó tún un kì. Má jẹ́wọ́ nǹkan kan." Ó rí mi lára.

Mo lọ bá ìyá náà nílé. Ó ń ṣa kòkó tó bu kúrò lára èyí tó ṣẹ́kù, òórùn náà sì gba gbogbo àgbàlá. Mo ṣàlàyé okùn, mo ṣàlàyé kọ̀ǹpútà tó sùn, ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Ọmọ mi, nígbà tí mo fún un sí ọ létí, kí lo gbọ́?"

"Mo gbọ́ pé ó gbẹ, Màmá."

"Ó dáa. Má dárúkọ ẹ̀rọ fún mi mọ́."

A ti pààrọ̀ sọ́fítíwíà náà sí èyí tó kéré, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà ló gbà wá lóòótọ́, kò sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ń yìn wá. Ìyìn náà ń rí mi lára, nítorí kì í ṣe sọ́fítíwíà burúkú tí a yàn ló ba kòkó opó náà jẹ́. Mo gbọ́ òtítọ́ létí ara mi, níwájú gbogbo èèyàn, mo sì ní kó gbé e lọ.